Bàtà Tí Alájì Rà fún Dáúdà

Ní ọdún tí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gba èèyàn síṣẹ́ ní òdìkejì odò Kàdúná, Dáúdà ọmọ Ìlọrin gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Kò ṣàìsàn. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jí lọ́jọ́ kan ni, bọ́ọ̀lù kò sì mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó dé bá a. Nínú Parapọ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwa, àárín gbùngbùn ni Dáúdà máa ń dúró, òun ló sì ń pín bọ́ọ̀lù fún àwọn ará iwájú bí ìyáálé ṣe ń pín ẹran: ẹni tí ẹsẹ̀ tọ́ sí yóò jẹ ẹsẹ̀, ẹni tí ìfun tọ́ sí yóò jẹ ìfun, ẹnikẹ́ni kò sì ní kùn. Ó lè dúró nítòsí golì wa kó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù sókè, kó gba orí èèyàn mẹ́fà kọjá, kó sì balẹ̀ síwájú ẹni tó ń sáré lápá ọ̀tún bí ẹyẹlé tó mọ ilé olówó rẹ̀. Èmi Ògúntádé, tí mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́bàá ọjà àárín ìlú, èmi náà ni mo ń kéwì fún ẹgbẹ́ bí wọ́n bá jáde. Èmi ni mo sọ Dáúdà ní Apínnimáṣojúsàájú.

Alága wa ni Alájì Jàmàlúdéènì, oníṣòwò ìṣó àti páànù, ẹni tó lawọ́ ju bí ọkùnrin ṣe yẹ kó lawọ́ lọ. Inú rẹ̀ mọ́, àmọ́ ó tètè máa ń bàjẹ́. Alájì lọ sí Èkó lọ ra ìṣó, ó ra bàtà bọ́ọ̀lù bọ̀. Bàtà kan ṣoṣo ni, ti Dáúdà ni. Àwọn tó kù ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá a bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ogún ẹsẹ̀ wà ní gbangba, méjì wà nínú awọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fi bàtà náà lé Dáúdà lọ́wọ́, ẹgbẹ́ pé bíi pé wọ́n ń jẹ oyè. Ààfáà gbàdúrà sí i. Tíṣà Akínladé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, náà gbàdúrà onígbàgbọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi apá kan sílẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo ní:

Màlúù tó kú sílùú òyìnbó,
Tó wá ń sáré ní Kàdúná.
Awọ dúdú tó ń dán ju iwájú orí àgbà lọ,
O kò jẹ koríko wa rí,
Ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Alájì fi etí agbádá nu ojú. Ọlọ́run ló mọ̀ pé èmi kò mọ ohun tí mo ń kì nígbà yẹn.

Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀lù tí Dáúdà bá gbá sápá òsì, ìyá ẹlẹ́pà tó jókòó lẹ́bàá pápá ni yóò lọ kí. Èyí tó gbá síwájú padà wá bá golì wa, golì kò sì retí àlejò. Láàárín oṣù méjì a jáde nígbà mẹ́rin, wọ́n nà wá nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Àríyànjiyàn wá kó gbogbo wọn jọ sídìí kẹ̀kẹ́ mi. Mahmud télọ̀, tó máa ń gbé aṣọ aláṣọ wá sábẹ́ igi tí kò sì ní gé e, ní ẹ̀bi Tíṣà ni. Ó ní ta ló ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀ lórí pátákó? Lóòótọ́ Tíṣà máa ń fi ẹfun ya róbótó mọ́kànlá sójú pátákó, yóò wá fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì títí yóò fi rí bí àwọ̀n apẹja. Tíṣà náà gbọ́, ó dúró lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní ìlà òun tọ́, túwó tí Dáúdà ń jẹ kó tó wọ pápá ni kò tọ́. Àwọn kan ní ojú ayé ló ń wò ó. Àwọn kan ní ọmọ Ìlọrin ni, kò fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mahmud dá wọn lóhùn pé ìyá ẹlẹ́pà tó ń gbé e fún, ọmọ ìlú wo ni?

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó ìjà ọjọ́ ìdánrawò dé. A kì í ṣe é ní Jímọ̀ nítorí àwọn mùsùlùmí, a kì í ṣe é ní Sọ́ńdè nítorí àwọn onígbàgbọ́, a kì í ṣe é ní Sátidé nítorí ọjọ́ náà la máa ń bá ẹgbẹ́ mìíràn gbá. Nínú èyí tó kù, Túsìdeè nìkan ni iṣẹ́ kò dí àwọn ọmọ lọ́wọ́, Túsìdeè sì ni Tíṣà ń máàkì ìwé. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Irọ́ ni mo pa. A mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa la mọ̀ pé bàtà ni, ṣùgbọ́n ńṣe la ń yà fún un nínú ọ̀rọ̀ wa bí ẹni ń yà fún kòtò tó wà láàárín ọ̀nà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ta ni yóò wo ojú Alájì kó sọ pé ẹbùn rẹ̀ ló ń pa wá? Èmi tí mo sì kì bàtà náà ńkọ́, ẹnu wo ni n óò fi bú u?

Ní Tọ́sìdeè kan Dáúdà fúnra rẹ̀ wá bá mi. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi, ó na ẹsẹ̀ síwájú mi. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ó ní ọjọ́ Sátidé tí a óò bá àwọn ará Kabala Doki gbá, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ń bọ̀ wá wòran, nítorí wọ́n fẹ́ gba ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù síṣẹ́. Ọdún kẹta rèé tí Dáúdà ti ń ru ẹrù ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ọjọ́ tí ẹrù bá wà ló ń jẹun. Iṣẹ́ náà kò sì ní bọ́ síni lọ́wọ́ bí àgbà ìlú ẹni kò bá fọwọ́ síwèé pé ọmọ òun ni. Alájì ni àgbà ìlú rẹ̀. Alájì yìí kan náà ti sọ pé bí ó bá tún bà á jẹ́ ní Sátidé, Àbdùlkàrímù, àbúrò ìyàwó òun, ni yóò gba ipò rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá oníkẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ mi kò gbọ́ ohun tí bọ́ọ̀lù ń sọ mọ́.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún Alájì. Ó ní kí èmi tí mo jẹ́ àgbà bá òun sọ ọ́. Mo ní mo ní táyà kan láti lẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí rẹ̀ jì mí, táyà ọ̀hún kò jò.

Nígbà tó di Sátidé, pápá kún. Ọyẹ́ ti mú kí ilẹ̀ le bí àwo. Alájì jókòó níwájú nínú agbádá funfun, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà sì wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Hausa kan tó rí tínínrín tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kabala ti gbá góòlù kan wọlé kí a tó mí délẹ̀. Dáúdà gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Akọ̀wé kọ nǹkan sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi í sápò bí ẹni tó ti parí iṣẹ́.

Wọ́n fọn fèrè ìsinmi. Àkókò Alaasari ti tó, Alájì sì pe àwọn mùsùlùmí inú ẹgbẹ́ wa, àwọn márùn-ún, kí wọ́n wá kírun lẹ́yìn òun. Wọ́n ṣe àlùwàlá. Dáúdà tú bàtà, èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, torí Tíṣà ló bá a fi okùn rẹ̀ gba ihò méjìlá, ó sì ta kókó mẹ́ta lé e lórí.

Àwọn ará Kabala náà ń kírun lápá ọ̀hún. Ó dájú pé Kúlúhúwà ni lèmọ́mù tiwọn kà, torí wọ́n ti parí kí èèyàn tó wúkọ́. Ṣùgbọ́n Alájì wa, láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé, kì í ka súrà kúkurú mọ́. Alaasari sì ni, inú ni wọ́n ń kà á sí, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó kà dé. Ó kàn dúró. Wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀. Rẹfirí, sójà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, fọn fèrè àkọ́kọ́. Alájì dúró. Ó fọn ìkejì. Alájì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ ba. Tíṣà, tó jẹ́ onígbàgbọ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà tirẹ̀ lápá kejì pé kí ti Alájì parí.

Nígbà tí wọ́n sálámà, rẹfirí ti gbé aago sókè. Ó ní tí òun bá kà dé mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ wa kò pé, Kabala ti jàre. Àwọn mẹ́rin fò dìde, wọ́n sá wọ pápá. Dáúdà jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́, okùn náà sì ti lọ́ mọ́ra bí ọ̀rọ̀ ìdílé. Rẹfirí ti kà dé mẹ́rin. Dáúdà wo Alájì tó ń ka tẹ̀súbáà. Ó wò mí.

Mo rántí táyà tí kò jò. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó ìkejì mọ́ ọn.

Mo ní, “Gbé ẹsẹ̀ rẹ lọ bí ìyá rẹ ṣe bí i.”

Ìka Alájì dúró lórí tẹ̀súbáà.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó kàn án, Dáúdà kò gbá a. Ó kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bí ẹni tó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ mú tó fẹ́ bèèrè àlàáfíà ilé. Lẹ́yìn náà ló fi àtàǹpàkò tọ́ ọ. Ó gba orí gbogbo wọn kọjá, ó balẹ̀ síwájú ẹni tó wà lápá ọ̀tún, ó sì di góòlù. Kí eré tó parí ó tún pín òmíràn, ìyẹn náà wọlé. Méjì sí ẹyọ kan. A na Kabala Doki.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa kò hó. Alájì ni gbogbo wa ń wò. 

Akọ̀wé yọ ìwé rẹ̀ jáde padà. Ó fi Hausa bi Alájì bóyá ọmọ rẹ̀ ni ọmọ yẹn, bóyá yóò lè dúró fún un.  Alájì yíjú sí mi.

“Ògúntádé, kí lo ń fi bàtà yẹn ṣe lọ́wọ́?”

 Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo wo Dáúdà tó dúró nínú eruku, tí òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀. Mo rí i pé tí mo bá jíyàn, iṣẹ́ náà ti lọ, tí mo bá sì bẹ̀bẹ̀, ó ti lọ bákan náà. N kò ní nǹkan mìíràn ju ewì lọ. Mo gbé bàtà sókè, mo ní:

Jàmàlúdéènì, a-fi-ìṣó-kanlé-fún-ọ̀pọ̀,
Baba tó fún ọmọ ní bàtà kó lè mọ iyì ẹsẹ̀.
Ó gbé òkúta ru ọmọ fóṣù méjì,
Ó ní kó sọ ọ́ kalẹ̀ lójú ìjà.
Ta ló lè lé ẹyẹ tó ti ru òkúta rí bá?

Mo ń rí i bó ṣe ń wọ̀ ọ́ lára. Èjìká rẹ̀ kọ́kọ́ gòkè, àyà rẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ló ká agbádá sí èjìká. Ó wúkọ́, ó kọjú sí akọ̀wé.

Ó ní, “Ọmọ mi ni. Bí èmi ṣe ń tọ́ wọn nìyẹn.”

Akọ̀wé mi orí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó kọ́ ọgbọ́n. Tíṣà tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀, Alájì sì gbé ìwé lé e lẹ́yìn, ó fọwọ́ sí i. Ìgbà náà la tó hó.

Èmi àti Alájì la jọ ń rìn bọ̀ wálé.  Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọjà, ó bi mí bí ó ti pẹ́ tó tí a ti mọ̀ pé bàtà ni. Mo ní oṣù méjì. Ó ní ṣé gbogbo wa ni? Mo ní golì nìkan ni kò dá mi lójú.

Ó mi orí. “Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ óò jẹ́ kí àgbà jóná torí ọ̀wọ̀.”

Dáúdà wọ iṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ ló ń gbá fún báyìí, kò sì sí ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù fún wa mọ́, èyí tó jẹ́ pé ńṣe ni a fi ọwọ́ ara wa na ara wa. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ lọ. Ẹsẹ̀ Tíṣà ló gba bàtà náà, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Ìṣó ìdí rẹ̀ ń ha sìmẹ́ńtì tó bẹ́ẹ̀ tí pásítọ̀ dá Bíbélì kíkà dúró títí ó fi rí ibi jókòó.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, Alájì tún lọ sí Èkó. Ọjọ́ tó dé, kò pe ẹgbẹ́ jọ. Ó wá bá èmi nìkan lábẹ́ igi, ó yọ bọ́ọ̀lù tuntun jáde nínú àpò, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó gùn, ó ṣóńṣó lórí àti nídìí. Ó ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé irú èyí làwọn ará Amẹ́ríkà ń lò. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé ó dára.

Mo yí i wò. Mo ní ó dára púpọ̀. Mo tún yí i wò, mo sì rántí ìka ẹsẹ̀ Dáúdà lórí àpótí mi.

Mo ní, “Àmọ́ Alájì, ìbẹ́pẹ ni.”

Ó gbà á padà, ó gbé e sójú oòrùn, ó tún wò ó. Ó ní òun náà ti ń fura láti Jẹ́bà.