Èsì Tí Bàbá Filiberto Béèrè

“Gbé e jáde! Eladio, mo ní kí o gbé e jáde! Pósí, nínú ilé tí bàbá mi ti ń wá èémí bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù?”

Nurys ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀, ọwọ́ kan ní ìbàdí, ọwọ́ kejì nà sí pósí pákó tí Eladio ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti ògiri yàrá. Eladio fúnra rẹ̀ ló kàn án, òun ló kùn ún ní pupa, tó sì fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù Agérèké sí i lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe é ní San Pedro: bí ife bá bọ́ mọ́ ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kejì á gbé pósí rẹ̀ yí àdúgbò ká, wọn á máa lu ìkòkò, wọn á máa sun ẹkún ẹ̀tàn, wọn á máa da ọtí rọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún òkú.

“Òjò ni kò jẹ́ kí n fi sí ìta,” ni Eladio wí. “Ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ.”

“Kó má gbẹ láéláé!”

Láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di atẹ́gùn dá sí i. “Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ kí n máa rí i. Tá a bá gba ife lónìí, ọkọ ẹ gan-an la máa tì sínú ẹ̀. Pákó burúkú ni, àmọ́ orí tiẹ̀ náà kì í ṣe orí gidi.”

Eladio bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ kọ́kọ́ dìde jókòó ná, kẹ́ ẹ tó máa ti èèyàn.”

Báyìí ni àna méjèèjì ṣe ń bá ara wọn fà á láti oṣù kẹwàá tí bésíbọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo agbára èwe Bàbá Filiberto ló fi gé ìrèké fún ilé iṣẹ́ ṣúgà. Agérèké ni tirẹ̀. Ọmọ ẹlẹ́ja ni Eladio; Apẹja ni tirẹ̀. Iwájú tẹlifíṣọ̀n kan náà ni wọ́n ti ń wo gbogbo eré, wọ́n ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún nínú àwo kan náà, wọ́n ń bú ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí Apẹja ń pàdánù léraléra ní oṣù kọkànlá, bàbá ra àbẹ́là òkú fún un. Nígbà tí Agérèké ṣubú lọ́sẹ̀ Kérésìmesì, Eladio gé ìrù ẹlẹ́dẹ̀ sísun, ó fi sínú àwo bàbá: “Ibi tẹ́ ẹ wà nìyẹn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ikọ́ náà ò lọ mọ́. Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró ti bàjẹ́, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè yìí tí wọ́n máa fi eré ìkẹyìn du ife, omi ṣúgà lásán ni bàbá ń gbé mì. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń fẹ́ láyé: kó gbọ́ pé Agérèké borí, kó tó lọ.

Ṣùgbọ́n Eladio ní èèwọ̀. Ta ni ò ní in ní San Pedro? Ẹlòmíì kì í fọ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíì kì í dìde lórí àga. Ti Eladio, ẹnu ni: kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀tá ń borí. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣèèṣì wí i, kò sì pẹ́ tí ife fi bọ́ lọ́wọ́ Apẹja. Láti ọjọ́ náà, ó gbà pé òun ló pa wọ́n.

Nígbà tí eré dé abala keje nínú mẹ́sàn-án, iná lọ, tẹlifíṣọ̀n kú. Eladio sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Chago tó ní rédíò oníbátìrì. Nígbà tó padà, èémí bàbá ti ń fà bí ayùn nínú igi tútù. Nurys di apá rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

“Mélòó ni wọ́n wà?”

“Apẹja mẹ́rin, Agérèké mẹ́ta. Ó ku abala kan.”

“Ó ń béèrè. Sọ fún un pé Agérèké ló ń borí.”

“Nurys, mi ò lè wí i. O mọ̀ pé mi ò lè wí i.”

“Ṣé ẹnu ẹ ló ń ju bọ́ọ̀lù ni? Ṣé wọ́n ń gbọ́ ẹ ní pápá? Bàbá tó fún ẹ lọ́mọ ni mò ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, Eladio! Ọ̀rọ̀ kan péré!”

“Ìwọ wí i fún un.”

“Mo ti wí i! Kò gbà mí gbọ́. Ó ní àánú òun ló ń ṣe mí. Ó ní ìwọ ọ̀tá òun nìkan ni ò lè fi irú ẹ̀ tan òun.”

Eladio wọlé, ó kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì. Ojú bàbá ṣí díẹ̀.

“Àna burúkú. Ta ló ń borí?”

Eladio la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Lójú inú, ó rí àwọn ará Apẹja ní ṣọ́ọ̀bù Chago bí wọ́n ṣe di ọwọ́ ara wọn mú yí rédíò ká, ó rí ife ọdún tó kọjá bó ṣe ń lọ. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

“Apẹja ni, Bàbá. Mẹ́rin sí mẹ́ta.”

Bàbá wò ó. Kò bú u. Ó yí ojú sí ògiri. Ayùn náà fà lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi, ó tún fà. Kò fà mọ́.

Nurys ò ké. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú bàbá rẹ̀ dé, ó wá gbé ojú sókè wo ọkọ rẹ̀.

“Ó ti gbọ́ ọ báyìí. Ṣé àwọn Apẹja ti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ?”

Iná dé. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò rántí pa bú jáde. Ìparí abala kẹsàn-án ni, Agérèké ló mú igi ìgbábọ́ọ̀lù dání. Apẹja ti lé ẹni méjì nínú wọn kúrò. Bí wọ́n bá lé ẹnìkan sí i, Apẹja gba ife. Ṣùgbọ́n ọmọ Agérèké kan dúró ní ibùdó kejì, bí ẹni tó mú igi bá sì gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, àmì méjì nìyẹn, Agérèké ló ni ife.

“Pa á,” ni Nurys wí.

Ọwọ́ Eladio ò gbé.

“Eladio, bàbá mi kú! Pa á!”

Ajubọ́ọ̀lù gbé ẹsẹ̀, ó jù ú. Igi pàdé bọ́ọ̀lù, ó dún gbàù. Ọmọ Apẹja tó wà lẹ́yìn pápá ń fi ẹ̀yìn sáré, ó ń sáré, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri. Ó nawọ́. Bọ́ọ̀lù gba orí òun àti ògiri kọjá, ó bọ́ sáàárín èrò.