Ọ̀rọ̀ Kan, Nọ́mbà Kan

Lọ́dún 1986, nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń pe ara wọn ní kàmáráàdì bí ìjọba ṣe fẹ́, Rafiatou wá lo ìsinmi nílé wọn ní Tchaourou. Ìjọba ló rán an lọ sí Algiers láti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó kọ ètò tí kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó jìnnà síra yóò fi máa pín iṣẹ́ ṣe. Bí ọ̀kan bá ránṣẹ́ sí èkejì tí kò gbọ́ èsì, á tún un rán. Èkejì á sì ṣe iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù mẹ́ta ló ti ń bá ìṣòro yìí jà.

Tonton Tidjani, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó mú bí àbúrò bàbá, ni ọ̀gá ibùdókọ̀ reluwé. Nígbà tó rí i tó fajú ro, ó ní: "Kó ìwé rẹ wá sọ́dọ̀ mi ní ibùdókọ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ tó ń lọ Parakou dé. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà, ọkọ̀ méjì kò sì gbọ́dọ̀ pàdé lórí rẹ̀, nítorí náà Tonton pe ibùdókọ̀ iwájú lórí téléfóònù: "Ọ̀rọ̀ nọ́mbà mẹ́rìnlá. Ṣé ọ̀nà ṣófo?" Òjò dé lójijì, wáyà kú. Àwọn èrò ń pariwo pé kí ọkọ̀ máa lọ. Ìyá kan tó kó iṣu wá láti Goro tiẹ̀ bú u.

"Ẹ má bínú, màmá," Tonton dáhùn. "N ò tíì gbọ́ èsì. Ẹni tí kò gbọ́, kò mọ̀ ni. N ò lè sọ pé ọ̀nà ṣófo."

Nígbà tí wáyà jí, ó tún un sọ: "Nọ́mbà mẹ́rìnlá."

Ẹni tó wà lọ́hùn-ún rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbọ́ ọ, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Èsì kan náà ni: ọ̀nà ṣófo."

Ọkọ̀ gbéra. Rafiatou fò dìde. "Tonton, bí ẹ ò bá fún un ní nọ́mbà ńkọ́?"

"Ì bá rò pé ọkọ̀ méjì ni mò ń béèrè fún."

Rafiatou tún ètò rẹ̀ kọ sórí bébà: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀, kọ̀ǹpútà tó bá gbà á á fi nọ́mbà àti èsì pamọ́, bí nọ́mbà náà bá tún dé, á dá èsì àkọ́kọ́ padà, kò ní tún iṣẹ́ náà ṣe.

Ní Algiers, ó yọ wáyà láàárín iṣẹ́, ó sì tún fi í padà sí àyè rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè ìwé tó ti rí i.

"Kì í ṣe nínú ìwé, ọ̀gá. Ọ̀gá ibùdókọ̀ reluwé wa ló kọ́ mi."

Ó kọ orúkọ Tidjani sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i. Ojú ewé yẹn nìkan ni Tonton lóye. Ó wọ aṣọ Jímọ̀, ó lọ bá bàbá Rafiatou, ó ní òun wá dúpẹ́.

"Ìwọ lo ń dúpẹ́?" bàbá náà wí, omi lójú. "Èmi tí o bá mi tọ́ ọmọ ńkọ́?"