Orúkọ Ìlú Wo Ló Máa Ṣáájú?

Ọmọ Tadwell ni mí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí pé n ó sọ̀rọ̀ rere nípa Minsby. Nígbà tí rélùwéè dé ní ayé bàbá bàbá mi, abúlé kọ̀ọ̀kan ní kí wọ́n gbé e jìnnà, kí èéfín má ba aṣọ tí àwọn sá jẹ́. Wọ́n bá kọ́ téṣàn sí pápá tó wà láàárín abúlé méjèèjì. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ tán ni kálukú ń pè é ní tòun. Wọ́n kọ "Tadwell àti Minsby" sára pátákó, inú sì bí àwọn ará Minsby débi pé wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ wọkọ̀ ní téṣàn mìíràn, nínú òjò ilẹ̀ wa yìí! Agídí pọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ìjọba pa ọ̀nà náà tì, wọ́n hú irin rẹ̀, koríko hù síbẹ̀. Ìjà orúkọ ò bá a lọ.

Nígbà tí ọkọ Hester Pym kú, ó ra ilé téṣàn náà, kó lè máa ta tíì àti kéèkì níbẹ̀. Ọmọ Minsby ni, Tadwell ló lọ́kọ sí. Ohun kan ló ń fẹ́ lọ́kàn rẹ̀: kí Maud, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wá jókòó ti òun. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó Hester ni Maud ti búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ Tadwell.

"Ẹ̀gbọ́n mi, téṣàn kì í ṣe Tadwell," Hester bẹ̀ ẹ́.

"Kí ni wọ́n kọ sí i lára? Ṣebí Tadwell ló ṣáájú? Tadwell náà nìyẹn. Mi ò wá!"

Hester ronú títí. Ilẹ̀kùn méjì ni téṣàn ní: ọ̀kan kọjú sí wa, èkejì kọjú sí Minsby. Ó ní kí Wilf tó ń kun ilé kọ pátákó méjì, kí abúlé kọ̀ọ̀kan lè máa rí orúkọ tirẹ̀ níwájú, ó sì ránṣẹ́ sọ fún Maud. Ọgbọ́n gidi ni. Àmọ́ a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Wilf kọ méjèèjì dáadáa, ó wá gbé tìhín kọ́ sí tọ̀hún.

Lọ́jọ́ tí Hester ṣí ilé tíì rẹ̀, Maud dé ẹnu ọ̀nà tiwọn, ó kà á, ó figbe ta.

"Hester! Irọ́ lo pa fún mi!"

Hester sáré wá tòun ti abọ́ kéèkì lọ́wọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

"Wilf ló gbé e kọ́ òdì o! Minsby wà lẹ́nu ọ̀nà kejì!"

"Ojú ara mi ni màá fi rí i."

Ẹ̀gún ti dí ẹ̀gbẹ́ ilé, inú ilé nìkan ló ṣeé gbà. Maud gba àárín àwọn tábìlì kọjá, ó gbé imú sókè. Bó ṣe ń lọ ni àwa ará Tadwell, tí a ti rí Minsby níwájú lẹ́nu ọ̀nà tiwa, náà ń bọ̀, tìbínú-tìbínú, láti lọ wo tiwa. Maud kà á tán, ó mí kanlẹ̀, ó padà wọ inú téṣàn kó lè gba ibẹ̀ lọ sílé. Ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

"Ṣé kéèkì nìyẹn? Ó mà jọ ti Màmá wa."

"Bí Màmá ṣe ń ṣe é náà ni mo ṣe é."

Maud fa àga, ó jókòó. Inú mi dùn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Minsby ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Wilf gbé àkàbà dé. "Màmá, ẹ má bínú, màá pààrọ̀ wọn kíákíá."

"Gbé àkàbà ẹ lọ jàre! Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni ò tíì yí Minsby kúrò níbẹ̀. Tí o bá gbé e sí ẹnu ọ̀nà tiwọn, á kà á níta, inú ẹ̀ á dùn, á sì padà sílé."