Owó Iṣẹ́ Mi Wà Lára Ògiri

Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ààrò gáàsì lọ́dọ̀ Ọ̀gá Jíbrílù ní Apọ́ngbọ̀n. Kò sí ààrò tí apá ọ̀gá mi ò ká. Ọ̀nà tó ń gbà gbowó ni mi ò lè fara mọ́. Tí oníbàárà bá béèrè pé èló ni iṣẹ́, á ní, "Ọ̀fẹ́ ni, màmá. Páàtì nìkan lẹ máa san." Páàtì tí a rà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà, á pè é ní ọ̀kẹ́ méjì. Màmá á pariwo, á ná an títí, wọ́n á gbà fún ara wọn ní ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n, inú màmá á sì máa dùn pé òun jèrè. Láàárín ariwo yẹn ni ọ̀gá á kọjú sí mi: "Àlímọ̀t, ṣebí ìṣojú ẹ ni mo ti rà á ní iye yẹn?"

Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ló lé mi kúrò. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ẹnu Ọ̀wá, mo ra ọ̀dà funfun, mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́ sára ògiri:

ÀYẸ̀WÒ: ₦3,000. ÀTÚNṢE: ₦15,000, ÀYẸ̀WÒ TI WÀ NÍNÚ RẸ̀. PÁÀTÌ: Ẹ JẸ́ KÁ JỌ LỌ RÀ Á. A KÌ Í NÁ OWÓ IṢẸ́.

Àwọn èèyàn ń dúró kà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi mí bóyá báńkì ni mo ṣí. Ọ̀gá Jíbrílù náà wá wò ó. Ó kà á tán, ó mi orí.

"Àlímọ̀t, o fẹ́ kí wọ́n máa rí owó wọkimanṣíìpù lójúkojú? Kò sẹ́ni tó ń sanwó ohun tí kò lè fọwọ́ dì mú. Kí oṣù yìí tó parí, wàá padà wá ru àpótí irinṣẹ́ mi."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

"Mi ò tíì fi ẹlòmíràn sípò ẹ o!"

Ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ méjì péré ni mo rí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni Sísí Màríà ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ Àgùdà ni, kò sì sí ẹni tí kò mọ búrẹ́dì alágbọn rẹ̀ ní àdúgbò wa. Iná ààrò rẹ̀ ń ràn, ṣùgbọ́n tó bá ti yọwọ́ lára bọ́tìnnì, á kú. Mo tú u, mo yẹ ọ̀pá gáàsì wò, mo yẹ ojú iná wò. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá kí n tó dìde.

"Sísí, sẹ́ńsọ̀ ló kú, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mọ̀ pé iná ń jó. Tí kò bá ti mọ̀, á ti gáàsì pa. Kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lọ, ẹ jẹ́ ká jọ lọ rà á. Iṣẹ́ tèmi jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ṣebí o kàn máa yọ ọ̀kan, o máa fi òmíràn síbẹ̀. Gba mẹ́fà."

"A kì í ná an, Sísí."

"Gba méje, torí pé obìnrin ni ẹ́."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni."

"Ìwọ ọmọ yìí! Wọ́n ń ná ilé, wọ́n ń ná ilẹ̀, wọ́n ń ná owó orí ìyàwó pàápàá. Ta ló sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ ná tìẹ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àyẹ̀wò, kí n máa lọ."

"Owó ojú tí o fi wò ó? Ṣé ojú ẹ kì í wo nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ ni?"

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo jáde. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá Jíbrílù ti bá a tún un ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Sísí ń ròyìn fún gbogbo àdúgbò.

"Ọ̀kẹ́ mẹ́ta ló pè é! Mo ná an títí, ó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì. Kò sì gba kọ́bọ̀ owó iṣẹ́!"

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti sọ ọ́ kíkankíkan jù. Mo wọlé, mo ki àkísà bọ inú kẹrosíìnì. Mo ti ń múra láti nu ògiri yẹn nígbà tí Ìyá Qaanitah yọ sí mi.

Ọgbà kan náà ni òun àti Sísí Màríà ń gbé. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ra ààrò wọn, irú kan náà sì ni. Tirẹ̀ náà ti ń kú bíi ti Sísí.

"Sísí ní kí n pe Jíbrílù," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń sanwó lé lórí. Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Mo kọ́kọ́ yẹ ààrò rẹ̀ wò: sẹ́ńsọ̀ náà ló kú. A jọ lọ sí Apọ́ngbọ̀n. Òun fúnra rẹ̀ ló dúró níwájú ẹni tó ń ta páàtì, òun ló ka ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ lé e lọ́wọ́, òun ló gba rìsíìtì. Nígbà tí mo fi sẹ́ńsọ̀ náà sí i tán, mo tan iná, mo yọwọ́. Iná dúró. Ìyá Qaanitah ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún mi. Ibẹ̀ ni Sísí Màríà bá wa.

"Èló lo ná an dé?"

"Mi ò ná an."

"O ò ná an! Háà, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélógún ni gbogbo ẹ̀, Sísí, àti páàtì àti iṣẹ́."

Sísí ṣì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe nawọ́. Ó gba rìsíìtì, ó fi awò sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba tọ́ọ̀ṣì mi, ó kúnlẹ̀, ó wo abẹ́ ààrò náà. Ó tún lọ wo abẹ́ tirẹ̀. Nígbà tó padà dé, eruku wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Ọ̀kan náà ni," ló wí. "Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ, mo wá fi ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá lé e. Èmi Màríà, tí mo mọ nǹkan-án ná jù ní Ìsàlẹ̀ Èkó!"

"Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ dà, Sísí?" Ìyá Qaanitah rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Sísí náà. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó fa ẹgbẹ̀rún mẹ́ta yọ.

"Gbà, owó ojú ẹ. Mi ò ná an."

Ẹnu tó fi polówó Ọ̀gá Jíbrílù náà ló fi polówó mi. Nígbà tó fi di Sátidé, ààrò mẹ́rin àti sítóòfù méjì ń dúró dè mí. Àkísà kẹrosíìnì yẹn, ọwọ́ mi tó dọ̀tí ni mo fi nù.

Ní ọjọ́ tí oṣù parí, Ọ̀gá Jíbrílù dé. Ó dúró pẹ́ níwájú ògiri mi.

"Oníbàárà mẹ́ta ló ti sọ fún mi lọ́sẹ̀ yìí pé ká jọ lọ ra páàtì," ló wí. "Wọ́n ní kí n pe owó iṣẹ́ mi. Ogún ọdún, Àlímọ̀t, mi ò pè é rí. Mi ò mọ èló ni mo jẹ́."

"Ẹ mọ iṣẹ́, ọ̀gá. Ẹ pe ohun tó tọ́ sí yín."

Ó ronú gan-an. "Gbé ọ̀dà, wá bá mi kọ tèmi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún."

"Kí ló dé tó fi ju tèmi lọ?"

"Ta ni ọ̀gá nínú àwa méjèèjì?"

Mo sọ fún un pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Mo gbé ọ̀dà, mo ti ṣọ́ọ̀bù, a forí lé Apọ́ngbọ̀n.