Àmì Èémí

Onípẹ́ńsù gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì tíntìntín sí ìwé orin méjìlá: ibí ni kí o ti mí, ibí ni kí o má mí. Kò sí ìwé méjì tí àmì wọn bára mu.

Lọ́wọ́ ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin káwọ́ gbera, ó ń wò ó bí ẹni ń wo olè. Òun ló kọ ewì tí Onípẹ́ńsù sọ di orin, ìlà kan ṣoṣo tó gùn bí ọ̀nà oko, láìsí ìdánudúró, nípa ọjọ́ tí ìyá wọn kú. Òun nìkan ló jókòó ti ibùsùn lọ́jọ́ náà. Onípẹ́ńsù wà ní ìlú mìíràn, ó ń kọ́ ẹgbẹ́ akọrin kan lórin.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gbogbo akọrin dúró mí lẹ́ẹ̀kan náà láàárín ìlà. Ẹ̀gbọ́n fò dìde.

"O ti dúḿbú ewì mi! Bí mo bá tún gbọ́ ihò kan níbẹ̀, màá gbà á padà, kí ẹ lọ kọ ábídí fáwọn èrò!"

Ọ̀la làwọn èrò ń bọ̀.

"Fi dùùrù bo ihò náà, jọ̀ọ́," ni olùdarí akọrin wí.

"Rárá, ọ̀gá. Ohùn èèyàn nìkan," ni Onípẹ́ńsù dáhùn.

"Ṣé wọn ò ní mí ni?"

"Wọ́n á mí. Wọn ò kàn ní mí pa pọ̀ ni."

Ó pín ìwé fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mí, kí ó rẹ ohùn sílẹ̀, kí ó yọ́ jáde, kí ó mí, kí ó tún yọ́ wọlé. Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti di orin mú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Onípẹ́ńsù ò rí ìdí tí èémí ò fi ní rí bẹ́ẹ̀.

"Bí ikọ́ bá gbé mi ńkọ́?" ni ọ̀kan nínú àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ béèrè.

"Wo ìwé rẹ. Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín.

Orin bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣàn bí omi inú páìpù. Ẹnu kan á pa dé, òmíràn á là, ohùn ò já. Onípẹ́ńsù ò wo akọrin kankan. Àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò: obìnrin náà ò mí. Ìgbà tí ìlà náà parí ló tó mí kanlẹ̀.

Ó wá síwájú, ó mú ìwé kan, ó ń fi ìka tọ àwọn àmì náà.

"Lọ́jọ́ náà, mo rò pé bí mo bá dákẹ́ láti mí, ìyá wa á lọ. Ni mo ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáá. Àwọn méjìlá ló gbé ìlà yìí lónìí. Nígbà yẹn, èmi nìkan ni. Ká ní o wà níbẹ̀, ǹ bá rí àyè mí."

Onípẹ́ńsù ki pẹ́ńsù rẹ̀ bọ àpò.

Ẹ̀gbọ́n ká ìwé náà sínú báàgì, kò wojú rẹ̀.

"Aago mélòó ni lọ́la?"