Agbábọ́ọ̀lù Ọgọ́rin Àpò Ìyẹ̀fun

Ẹ ti fura sí i kí n tó wí: ọkùnrin tó bá lè ka iye tí òun ná sórí bọ́ọ̀lù láìmí, láti orí bàtà títí dórí fèrè, kò tíì gba ife kankan rí. Bí ọ̀rọ̀ Àgbà Oníbúrẹ́dì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọdún márùn-ún ni àwọn ilé iṣẹ́ mẹ́jọ tó wà ládùúgbò náà ti fi ń díje. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àbúrò rẹ̀, Alágbàfọ̀, gbé ife lọ. Àwọn káfíńtà gbé e lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tí òjò ba pápá jẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà.

Èyí tó ń dun Àgbà jù ni pé inú pálọ̀ ìyá wọn ni ife náà ń gbé. Màmá a gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín fọ́tò àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n á rọra tì í sún mọ́ ti ẹni tó gbé e wálé. Gbogbo ọjọ́ tí Àgbà bá wá jẹun níbẹ̀, fọ́tò ara rẹ̀ ló ń wò, tó dá dúró lápá kan bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ní kó kojú sógiri.

Lọ́dún yìí, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó mú páálí funfun kan, ó fi rúlà pín in sí méjì, ó sì kàn án mọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kọ "Ohun Tí A Ná" sí apá kan, ó kọ "Ohun Tí Wọ́n Ná" sí apá kejì. Àpò ìyẹ̀fun ló fi ṣírò ohun gbogbo, torí ìyẹn ló ń rí lójú oorun. Bàtà tuntun fún gbogbo ẹgbẹ́, àpò mẹ́fà. Aṣọ́lé tó gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta táyà, àpò méjìlá. Lẹ́yìn náà ló wá kan Mànàmáná, ọ̀dọ́mọkùnrin akunlé tó ju góòlù mẹ́tàdínlógún sáwọ̀n láàárín oṣù mẹ́rin. Ọgọ́rin àpò ni Àgbà kà sọ́wọ́ ọ̀gá àwọn akunlé kó tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀gá akunlé fi ra mọ́tò.

Ní apá kejì páálí náà, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: okùn bàtà, ìdá mẹ́rin àpò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àgbà rán ẹni lọ wádìí rẹ̀ wò, kó má baà rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alágbàfọ̀ wá ra búrẹ́dì, ó dúró níwájú páálí náà, ó kà á láti òkè délẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn mi tó báyìí. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mi sára ògiri!"

"Má fi ṣàwàdà. Ṣé okùn bàtà lo fẹ́ fi gba ife lọ́dún yìí?"

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo fowó mi rà. Aṣọ àwọn òtẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ jù fún wa."

"Ẹ̀rọ ìfọṣọ ò mọ góòlù jẹ."

"Kò mọ̀ ọ́n jẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi ló ń ru aṣọ tútù gun orí ilé alájà mẹ́ta lọ sá, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Ẹ yà kẹ́ ẹ wá wo itan wọn."

Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí olówó ń rín nígbà tí aláìní bá ń sọ fún un pé ìlera ló ṣe pàtàkì. Ó fún un ní búrẹ́dì kan lọ́fẹ̀ẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe é.

Férémù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí yẹn. Òfin keje ìdíje náà ló wà nínú rẹ̀, Àgbà fúnra rẹ̀ ló sì dá a lábàá, lọ́dún tó ń fura pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Alágbàfọ̀ ò mọ ọṣẹ yàtọ̀ sí sítáàṣì. Òfin náà ní, ẹni tí kò bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí ìwé iṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán, ṣáájú àṣekágbá, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá sì lò ó ti pàdánù. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé Alágbàfọ̀ wò, ọmọ ọ̀hún ò fo ọjọ́ kan. Síbẹ̀ òfin dúró, Àgbà sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹní fẹ́ràn ọmọ tó jọ ọ́.

Ní ti Mànàmáná, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù ni Àgbà fi í sí, pẹ̀lú fáànù àti ẹyin mẹ́ta láràárọ̀. Nínú ìwé owó oṣù, apo-ìyẹ̀fun, ẹni tó ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, ni wọ́n pè é. Àǹtí Ààrò, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń yan búrẹ́dì, gba èyí gbọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wá bá wa pò ó díẹ̀. Ọwọ́ ò tó."

"Mànàmáná kẹ̀? Àǹtí, ṣé aṣọ ìgbéyàwó yín lẹ fi ń nulẹ̀ nílé ni?"

"Kó tiẹ̀ wá jókòó tì wá, ká jọ máa ríra."

"Kí ooru wá bà á lẹ́sẹ̀ jẹ́? Kí ìyẹ̀fun kó sí i nímú? Mi ò fẹ́ rí i nítòsí ààrò yẹn, ọjọ́ kan báyìí!"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí wí. Ó padà sídìí ààrò, níbi tí ìwé iṣẹ́ so kọ́ lára ìṣó, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń fọwọ́ sí i láràárọ̀ kí wọ́n tó fọ ọwọ́.

Ó sú Mànàmáná alára. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n kun ògiri kan fún yín, kékeré báyìí."

"Sùn," ni Àgbà dá a lóhùn.

Ó sùn fún ọ̀sẹ̀ méje, ó ń jí fún ìdánrawò àti ìdíje nìkan, wọ́n sì ń borí, títí ó fi ku àwọn àti Alágbàfọ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé tí wọ́n gbá àṣekágbá, àwọn ọmọ Alágbàfọ̀ sáré bíi pé aṣọ tútù ṣì wà lórí wọn tí wọ́n fẹ́ tètè sọ̀ ọ́. Àwọn ló kọ́kọ́ jẹ góòlù. Mànàmáná dá a padà. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó gé ẹni mẹ́ta kọjá, ó gbá a wọlé. Àgbà fò sókè, bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò wá a.

Nírọ̀lẹ́, pálọ̀ Màmá kún. Màmá gbé ife sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í, tì í, títí ó fi kan fọ́tò ọmọ rẹ̀ àgbà. Alágbàfọ̀ bọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n mi. Owó yín ò ṣòfò."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ Àgbà ju ife alára lọ. Ó ní kó tún un sọ, ó lóun ò gbọ́ dáadáa.

Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó jẹ́ akọ̀wé ìdíje, ṣí kálàmù rẹ̀. "Ó ku kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó yẹ ká yẹ ìwé iṣẹ́ wò, ṣùgbọ́n inú gbogbo wa ń dùn. Ẹ jẹ́ ká fò ó."

"Ẹ fò ó, Tíṣà," ni Alágbàfọ̀ wí. "Ta ló ń bá wọn jiyàn?"

Àgbà dìde dúró. "Ẹ má fo nǹkan kan! Èmi ni mo ṣòfin yẹn. Mi ò fẹ́ kẹ́nì kan sọ lọ́la pé ojúure ni wọ́n ṣe fún mi. Àǹtí, ẹ lọ mú ìwé wá."

Àǹtí ò tètè dìde. "Ọ̀gá, ìyẹ̀fun ti bo ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ Ajé."

"Ẹ nù ún! Kẹ́ ẹ sì kà á sókè, kí Màmá gbọ́."

Kí Àǹtí tó dé, Àgbà ti ṣírò iye àpò tí yóò ná lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì ti ní kí ìyàwó òun sún fọ́tò òun díẹ̀ kí ife lè ráyè. Àǹtí wọlé, ó nu ẹ̀yìn ìwé, ó ń ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ́lé, ogójì ọjọ́. Apínbúrẹ́dì, ọjọ́ méjìlélógójì. Orúkọ mẹ́wàá ló kà, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni Àgbà mi orí. Ó wá kan ẹni kọkànlá.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba Mànàmáná síṣẹ́, kò fọwọ́ sí ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.