Bọ́tìnnì Tó Rì

“Ọmọ mi, níbo gan-an ni kí n tẹ̀?”

Ìyá Vaciseva na fóònù rẹ̀ sí mi. Ojú fóònù náà ti sán, kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù: orúkọ ọkọ rẹ̀ tí ògiri wó pa lọ́jọ́ ìjì, iye ọmọ-ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lábẹ́ tapólì. Ó ku kó fi ránṣẹ́. Mo fa ojú ìwé náà sókè títí, kò lọ mọ́. Ìsàlẹ̀ tí ìka ẹnikẹ́ni ò lè dé ni bọ́tìnnì náà wà.

Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo kọ ìkànnì náà láti ìlà àkọ́kọ́, fún àjọ kan tó ń kọ́lé fún àwọn tí ìjì ba ilé wọn jẹ́, ní Suva, olú ìlú erékùṣù wa. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ yìí nígbà náà kì í wá fóònù aráàlú fi dán iṣẹ́ wò. A óò kàn fún ojú ìwé pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ńlá wa títí yóò fi tín-ín-rín, a óò ní ó ti bá fóònù mu. Ọjọ́ tó ku ọ̀la ká ṣí i ni mo tó yá fóònù obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, mo sì rí i pé bọ́tìnnì ti rì.

“Ọ̀gá, ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì sí i.”

Ravinesh, ọ̀gá mi, rẹ́rìn-ín. “Isikeli! Ara ògiri la ó ti fi han mínísítà lọ́la. Àbí fóònù agbálẹ̀ ló máa fi wò ó? Buwọ́ lùwé, jàre.”

Mo buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò pé ó ṣiṣẹ́ lórí gbogbo fóònù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìyá Vaciseva fi tẹ fóònù kó tó wọ bọ́ọ̀sì wá sí ọ́fíìsì wa. Ìforúkọsílẹ̀ sì ti parí lọ́jọ́ tó ṣáájú.

“Ṣé ẹ ò lè fọwọ́ kọ orúkọ mi sí i ni?”

“Ìyá, kọ̀ǹpútà ló ń yàn,” ni Ravinesh wí. “Kì í ṣe èèyàn.”

Àwọn tó ní kọ̀ǹpútà nílé ló gba ilé.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé gbòǹgbò yaqona, èyí tí a ń gún pò mu, tí a sì fi ń tọrọ àforíjì, lọ sí abúlé rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu tapólì, mo tẹrí ba, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ìwé tí mo buwọ́ lù. Ó gba gbòǹgbò náà. Ó ká ọwọ́ jọ bí igbá, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

“A ti sin ín, ọmọ mi.”

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tí a bá ti sin báyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ hú u mọ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ìwé ìròyìn. Ìyá náà ní rárá, òun ti gba gbòǹgbò.

Nígbà tí Ravinesh gbọ́, ó gbá mi léjìká. “Orí ẹ pé gan-an!”

Ẹ̀ẹ̀rùn kan, òjò kan kọjá, òtútù àyà pa Ìyá Vaciseva lábẹ́ tapólì náà. Mo ti ń darúgbó ní Auckland báyìí, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń rántí ìsìnkú rẹ̀: àwọn ọmọ rẹ̀ mú mi jókòó níwájú, bí àlejò pàtàkì, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bu yaqona fún. Wọ́n ń wò mí.

Mo gbà á, mo mu ún tán.